Ṣé dandan ni kí dísáínà mọ àwòrán yà? Ife kan ti dójú tì mí

Bébà_Òfìfo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún àkọ́kọ́ ni mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ dísáìnì. Lẹ́tà àti àwọ̀ ló fà mí wọ ibẹ̀, mo sì ti ń lo sọ́fítíwíà kó tó di pé mo wọlé, nítorí náà mo gbà lọ́kàn ara mi pé ojú mi ti là díẹ̀. Àṣé kò tíì là.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni olùkọ́ wa ní kí á ṣe lógò fún ilé ìkàwé kan. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan kọ̀ǹpútà títí tí yóò fi ní sketch 30, àwòrán ìdánwò tí a yà wéréwéré, lórí bébà. Mẹ́ta ni mo rí yà. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wò wọ́n, ó ní: "Ọ̀kan ṣoṣo lèyí. O kàn tún un yà lẹ́ẹ̀mejì ni."

Èyí tó wá dùn mí dé eegun ni ti kíláàsì àwòrán. Wọ́n gbé ife kan ka orí tábìlì pé kí á yà á. Ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jọ ife. Tèmi dà bí ìgbà tí ẹnì kan jókòó lé e lórí. Ẹnu rẹ̀ róbótó, ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ìdìmú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í, síbẹ̀ kì í ṣe ife.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé àwòrán kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mi ò lè di dísáínà gidi láìmọ̀ ọ́n yà? Ṣé àfi kí n kọ́ illustration náà, ìyẹn yíyà àwòrán inú ìwé, mọ́ ọn? Tó bá sì jẹ́ dandan, ibo lẹni tí kò mọ nǹkan kan ti ń bẹ̀rẹ̀? Gbogbo fídíò tí mo ń wò, ẹni tó ń kọ́ni á fa ìlà mẹ́rin, ìkarùn-ún á di ojú èèyàn. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìkẹrin sí ìkarùn-ún?

Ìlà_Tààrà

Gbé ife náà wá ká rí i.

Bébà_Òfìfo

Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ sókè lọ́hùn-ún. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ìyá_Alápótí

Kò sí ẹni tó máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, àbúrò. Èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, àga àti ohun èlò inú ilé ni mò ń ṣe dísáìnì wọn, ife àkọ́kọ́ tí mo yà sì burú ju eléyìí lọ.

Wo ìdí ife rẹ. Àfi bíi pé rúlà lo fi fà á. Kí ló dé tó fi tọ́ báyẹn? Torí o mọ̀ pé ìdí ife máa ń tẹ́jú, orí tábìlì tó tẹ́jú ló sì wà. Ohun tí o mọ̀ lo yà, kì í ṣe ohun tí o rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu rẹ̀. O mọ̀ pé ẹnu ife róbótó, lo bá yà á róbótó bí ẹni tó dúró tí ife tó ń bojú wo inú rẹ̀ láti òkè. Láti òkè lo ti wo ẹnu, láti ẹ̀gbẹ́ lo ti wo ìdí, o wá so méjèèjì pọ̀ nínú àwòrán kan.

Ṣe ìdánwò yìí kí o tó tún fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Gbé ife náà sókè títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bá ojú rẹ dọ́gba gẹ́lẹ́. Di ojú kan. Wàá rí i pé ẹnu náà ti di ìlà kan ṣoṣo. Wá máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á kọ́kọ́ tínrín, lẹ́yìn náà á máa fẹ̀ sí i. Bí nǹkan róbótó bá ṣe jìnnà sísàlẹ̀ ojú rẹ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣí tó. Ìdí ife sì jìnnà sísàlẹ̀ ojú rẹ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ife kò bá fún nídìí, ìlà tí o fà tààrà yẹn gan-an ló yẹ kó tẹ̀ kọdọrọ jù nínú gbogbo àwòrán náà.

Kò sí ẹ̀bùn kankan nínú èyí. Ojú lásán ni.

Kò_Lẹ́ṣin

Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti ń ṣe ojú áàpù fún fóònù. Àpótí, ọfà, àpótí, ọfà. Bí wọ́n bá ní kí n ya ẹṣin, ajá ló máa jáde, kò sì sí oníbàárà kan tó tíì ní kí n ya ẹṣin rí. Ìrònú ni iṣẹ́ wa: kí ni ẹni tó fẹ́ lo nǹkan náà ń wá, kí ló ń dí i lọ́wọ́? Bébà_Òfìfo, kọ́ lẹ́tà, kọ́ bí wọ́n ṣe ń to nǹkan sójú ìwé, kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Fi ife sílẹ̀ fún ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ.

Ọ̀gá_Gíráàfù

Kò_Lẹ́ṣin, àwòrán lo ti ń yà láti ọdún mẹ́jọ, o kàn ń pè é lórúkọ mìíràn ni. Àpótí àti ọfà tí o fi ń fi han oníbàárà pé "bó bá tẹ ibí, ọ̀hún ló máa já sí", kí nìyẹn?

Bí a bá ti gbọ́ "àwòrán yíyà", ojú èèyàn tó ń dán gbinrin lára ògiri lọkàn wa máa ń lọ bá. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí ti ń dojú rú. Ẹ wo Harry Beck tó ya máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe ayàwòrán olókìkí kankan. Iṣẹ́ kí ó máa ya àwòrán ẹ̀rọ fún àwọn ẹnjiníà ló ń ṣe jẹun. Ní 1931, ó gbójú kúrò lára bí ọ̀nà irin ṣe wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lábẹ́ ìlú, ó fa gbogbo ìlà lóròó, níbùú, tàbí kó dagun ní dígírì 45, ó sì fẹ àárín ìlú tó fún lójú kí orúkọ ibùdókọ̀ lè rí ibi jókòó. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ fún un. Ní 1933 tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ará ìlú gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìlà, àmì róbótó àti orúkọ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹṣin níbẹ̀.

Tàbí Susan Kare, tó ya àwọn àmì ojú kọ̀ǹpútà Macintosh tó jáde ní 1984. Bébà gíráàfù ló fi bẹ̀rẹ̀. Àpótí 32 níbùú, 32 lóròó, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,024, dúdú tàbí funfun, kò sí àwọ̀ eérú láàárín. Inú ìyẹn ló ti mú kọ̀ǹpútà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ jáde. Ẹni tó bá rò pé ó rọrùn, kó fa àpótí 1,024 kó fi ya ìbọ̀sẹ̀ kan tí ẹlòmíràn máa mọ̀ pé ìbọ̀sẹ̀ ni. Mo ti dán an wò. Bàtà òjò ni wọ́n pè é.

Kò_Lẹ́ṣin

Ọ̀gá, mo gbà fún yín lórí àpótí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kì í ṣe àpótí ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n á kó wọn jókòó ní wákàtí mẹ́ta síwájú ère orí èèyàn, kí wọ́n máa fi pẹ́ńsù kun òjìji títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Kí lẹni tó fẹ́ ṣe áàpù fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Olùkọ́_Àwòrán

Olùkọ́ ni mí, nítorí náà ẹ̀sùn yìí kàn mí. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ìdí tí a fi ń ya ère ni kí ojú lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá àti ibi tí òjìji ń bọ́ sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní ṣe bọ́tìnì méjì sójú áàpù kan náà, kí òjìji ọ̀kan lọ sókè, kí ti èkejì lọ sísàlẹ̀. (Mo ti rí i. Ẹ̀yin náà ti rí i.) Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kìíní ti pọ̀ jù. Mo gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe pẹ̀lú àwọn tó bá wọlé tí wọ́n ní àwòrán kò sí lọ́wọ́ àwọn, kí Bébà_Òfìfo lè mú èyí tó bá a lára mu. Lákọ̀ọ́kọ́, a kì í ya ohun tó rẹwà rárá. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé ọwọ́ tí wọn kì í fi kọ̀wé síwájú ojú, kí wọ́n máa wò ó, kí ọwọ́ kejì máa yà á láìbojú wo bébà. Ojú ń rìn létí ìka bí èèrà, pẹ́ńsù ń rìn pẹ̀lú rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà. Ohun tó máa ń jáde a máa pa kíláàsì lẹ́rìn-ín, ìka mẹ́fà, ìka méje. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, ojú wọn kò kúrò lára ọwọ́ náà, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní ọwọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń dorí fọ́tò kan kodò, kí wọ́n yà á bẹ́ẹ̀. Bí ojú èèyàn bá dorí kodò, ọpọlọ kì í tètè pè é ní "imú" àti "ètè" mọ́. Ó di ìlà àti ibi dúdú lásán, ẹni náà á sì ya ohun tó wà níwájú rẹ̀. Àrùn ife tìẹ gan-an ni oògùn yìí ń wò, Bébà_Òfìfo.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àga. Gbé àga kan síwájú, má ya àga náà. Ya àyè òfìfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, àti èyí tó wà láàárín àwọn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Kun wọ́n dúdú. Nígbà tí o bá parí, àga funfun kan á ti jókòó sáàárín bébà, ìwọ kò sì yà á. Ẹni tó bá máa to lẹ́tà tàbí ṣe lógò, ohun tó máa fojú wọ̀n títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ nìyẹn: àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà méjì, inú lẹ́tà "o", etí ojú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ya àyè òfìfo àga mẹ́wàá kì í tún bi mí pé kí ló dé tí "A" àti "V" fi dà bíi pé wọ́n jìnnà síra wọn.

Ní ti ìlà fúnra rẹ̀, má fà á ní fọ́nrán-fọ́nrán bí irun. Mú ọwọ́ láti èjìká, kì í ṣe láti ọrùn ọwọ́. Fi pẹ́ńsù lọ, fi bọ̀ lókè bébà lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ kó kàn án, kí ara mọ ọ̀nà, lẹ́yìn náà kí o wá sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlà kan tó ṣìnà díẹ̀ sàn ju 20 tó ń gbọ̀n lọ. Ní Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní Weimar, ní Jámánì, ní 1919, Johannes Itten tó ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń mú kí wọ́n na ara kí wọ́n sì mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó mú ohun ìyàwòrán. Èmi kì í bá tèmi débẹ̀. Mo kàn máa ń sọ pé, "Ẹ sọ èjìká yín kalẹ̀."

Ọlọ́wọ́_Òsì

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kékeré kan. Òsì ni mo fi ń yàwòrán. Kí n tó parí, ọwọ́ mi á ti nu gbogbo rẹ̀ rùmúrùmú. Ṣé pẹ́ńsù ni àbí èmi?

Pẹ́ńsù_2B

Ẹ̀yin méjèèjì. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún máa bọ̀ sí òsì, kí o fi bébà mìíràn sábẹ́ ọwọ́ rẹ. Ẹ̀ẹ̀kejì, wo lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ìdí pẹ́ńsù rẹ. Ohun tó wà nínú pẹ́ńsù kì í ṣe òjé o, graphite, ohun dúdú rírọ̀ kan láti inú ilẹ̀, ni wọ́n pò mọ́ amọ̀, ọ̀nà tí Nicolas-Jacques Conté ní Faransé gbé jáde ní 1795. Bí amọ̀ bá pọ̀, á le, ìlà á tínrín, kò ní dúdú: àwọn H nìyẹn. Bí graphite bá pọ̀, á rọ̀, á dúdú, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́: àwọn B. Bí o bá ń lo 6B, tó rọ̀ gan-an, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí bí kò ṣe ní nù. Fi HB (èyí tó wà láàárín H àti B) tàbí 2H fa egungun àwòrán, kí o fi 2B parí.

Tàbí kí o ju pẹ́ńsù sílẹ̀ kí o mú báírò. Kò ṣe é pa rẹ́, nítorí náà wàá ronú kí o tó fà á. Írésà ló ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Wọ́n á fa ìlà kan, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún fa ìlà kan náà sójú ibi kan náà pẹ̀lú àṣìṣe kan náà. Fi àṣìṣe sílẹ̀, fa èyí tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní tábúlẹ́ẹ̀tì, ó dára, ṣùgbọ́n bọ́tìnì tó ń dá nǹkan padà wà níbẹ̀. Irésà ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ lèyí.

Ìyá_Alápótí

Olùkọ́ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò mẹ́nu kan ohun tí mo fi ń jẹun. Àpótí.

Ẹni tó bá lè ya àpótí láti ibikíbi tó bá dúró sí, kò sí ohun tó kù tí kò lè yà. Àga jẹ́ àpótí tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kúrò. Fóònù jẹ́ àpótí tó tínrín. Kódà ife rẹ yẹn, fojú inú dé e mọ́ inú àpótí, ibi tí ẹnu rẹ̀ ti kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wàá fi mọ bó ṣe yẹ kó tẹ̀ sí.

Fa ìlà kan gba ìbú bébà kọjá. Ibẹ̀ ni gíga ojú rẹ. Fi àmì kan sí òpin rẹ̀ lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n jìnnà síra. Fa igun àpótí tó sún mọ́ ẹ jù lóròó. Láti orí àti ìdí igun yẹn, gbogbo ìlà tó ń lọ sọ́tùn-ún á máa wá àmì ọ̀tún lọ, gbogbo tòsì á máa wá tòsì lọ. Perspective nìyẹn, ọ̀nà tí nǹkan fi ń kéré lójú bó ṣe ń jìnnà. Leon Battista Alberti ti kọ ìpìlẹ̀ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní Ítálì láti 1435. Bí àpótí rẹ bá dà bí imú ọkọ̀ ojú omi, àmì méjèèjì ló sún mọ́ra jù. Tì wọ́n sẹ́yìn, kódà kí wọ́n jáde kúrò nínú bébà.

Bí o bá sì fẹ́ fi han èèyàn bí nǹkan ṣe ń tò pọ̀, bóyá ibi tí ìṣó kan ń wọ̀, má wulẹ̀ lo perspective. Lo isometric. Ìlà ìdí àpótí á gbéra sókè ní dígírì 30 lọ́tùn-ún, 30 lósì, òró á dúró lóròó, nǹkan kì í sì í kéré torí pé ó jìnnà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà lè fi rúlà wọn ìlà rẹ. Mo ya àpótí 20 lójúmọ́ fún oṣù kan nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Ó sú mi dé góńgó. N kò ṣe é mọ́ láti ìgbà náà, ọwọ́ mi kò sì gbàgbé.

Aláwòrán_Inú_Ìwé

Ẹ jẹ́ kí n gba ìbéèrè tó kàn mí, ti illustration. Èsì mi ni rárá, kò di dandan kí dísáínà di illustrator. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Èmi a máa lo ọjọ́ méjì lórí bí ọmọdé ṣe máa di àtùpà mú nínú òkùnkùn, torí pé ọwọ́ ọmọ náà ló máa sọ bóyá ẹ̀rù ń bà á tàbí kò bà á. Dísáínà kò ráyè ìyẹn, kò sì yẹ kó ráyè rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó mọ̀ ni bó ṣe máa bá mi sọ̀rọ̀. Dísáínà kan fi ojú ìwé méjì ránṣẹ́ sí mi rí, ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo rẹ̀: ó fẹ́ kó "láyọ̀ ṣùgbọ́n kó níyì". Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ya èèyàn onígi, orí róbótó, ọwọ́ ìlà, ó fi àpótí sí ibi tí àkọlé máa wà, ó fa ọfà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa wọlé, ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Àwòrán náà burú jáì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ya tirẹ̀.

Mo máa ń rántí Marie Reidemeister, tó di Marie Neurath lẹ́yìn náà. Ní Vienna, Otto Neurath dá ilé ìṣàfihàn kan sílẹ̀ ní 1925 láti fi àwòrán ṣàlàyé ìṣirò fún ará ìlú, ohun tí wọ́n wá ń pè ní Isotype. Gerd Arntz ló ń gé àwọn àmì ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dán. Àárín àwọn oníṣirò àti Arntz ni Marie dúró sí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ka iye náà, kó yé e, kó wá fi pẹ́ńsù ya bí ojú ìwé ṣe máa tò. Olùyípadà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú òfin wọn rèé: bí iye bá di ìlọ́po méjì, ya èèyàn méjì, má ṣe ya èèyàn kan tó ga ní ìlọ́po méjì, torí bí o bá fà á ga tí o sì fẹ̀ ẹ́ bákan náà, àyè tó gbà á di ìlọ́po mẹ́rin, ojú á sì gba irọ́ gbọ́. Irú nǹkan báyìí, ẹni tó ń yà á ló tètè ń rí i.

Ẹ̀rọ_Ló_Kù

Gbogbo yín ń jìjàkadì lórí pẹ́ńsù. Èmi kọ gbólóhùn kan sínú ẹ̀rọ, ó ya àwòrán mẹ́wàá fún mi kí n tó mí. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ìlà_Tààrà

Nígbà tí oníbàárà bá ní, "Kò wù mí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí kò ti dáa," kí lo máa kọ sínú ẹ̀rọ náà?

Aláwòrán_Inú_Ìwé

Mo tún ní èyí lọ́kàn, Ẹ̀rọ_Ló_Kù. Èmi náà ń dán ẹ̀rọ wò, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé jáde máa ń dán bí ohun tó ti parí. Gbé e síwájú oníbàárà lọ́jọ́ kìíní, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ fa ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ ẹni tó wà nínú àwòrán nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ó yẹ kí èèyàn wà níbẹ̀. Gbé sketch tó wọ́ síwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á gba báírò lọ́wọ́ rẹ pé "ṣé kò ní dáa kó wà níbí?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìpàdé ti yanjú fún mi nípasẹ̀ báírò tí oníbàárà gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀rọ_Ló_Kù

Hmm. Ti báírò yẹn, mo gbọ́.

Bébà_Òfìfo

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti gbé ife sókè bí Ìyá_Alápótí ṣe ní kí n ṣe. Òótọ́ ni! Ẹnu rẹ̀ di ìlà! Mo pe àbúrò mi kó wá wò ó, ó ní ṣé orí mi pé.

Ṣùgbọ́n sketch 30 ṣì ń dùn mí. Báwo lèèyàn ṣe ń rí 30? Lẹ́yìn ìwé tó ṣí sílẹ̀, ìwé tó pa dé ló kàn, lẹ́yìn náà ó tán.

Ọ̀gá_Gíráàfù

Ó tán lórí ìwé ni, kò tán lórí ilé ìkàwé. Orúkọ nǹkan lò ń yà. Ya ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ń yá ìwé, wọ́n ń dá a padà, wọ́n ń dákẹ́, wọ́n ń wá nǹkan, wọ́n ń rí ohun tí wọn kò wá. Ìka lórí ètè, fìtílà, àkàbà, ìlẹ̀kùn, àmì tí wọ́n fi sáàárín ojú ìwé, ẹ̀yìn ìwé tó tò lórí pẹpẹ. O ti ní mẹ́wàá nìyẹn, a kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í so méjì pọ̀.

Kí o sì dín wọn kù. Mo fẹ́ẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ojú bébà lo fi ya ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́ta yẹn. Fa àpótí tí kò ju òǹtẹ̀ lẹ́tà lọ, 30, sójú bébà A4 kan. Ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o má padà sí èyí tí o ti fi sílẹ̀. Nínú àpótí kékeré, kò sí àyè láti ṣe é lẹ́wà, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló máa hàn. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ máa jọ ti gbogbo kíláàsì. Bí o bá ti dé nǹkan bí 15, ó máa sú ẹ, wàá máa bú olùkọ́ rẹ lọ́kàn. Má dìde. Ibẹ̀ ni àwọn tó burú jù àti àwọn tó dára jù ti ń jáde, o ò sì ní tètè mọ èwo ni èwo.

Milton Glaser ya "I ♥ NY" sára àjákù àpò lẹ́tà kan nínú takisí ní 1976, ó fi kírẹ́yọ́nù pupa yà á. Ó wà ní ilé ìṣàfihàn MoMA ní New York báyìí. Lẹ́tà mẹ́ta àti ọkàn kan. Kò sí ohun tó le níbẹ̀ láti yà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ló mú kírẹ́yọ́nù yẹn dání.

Kò_Lẹ́ṣin

Èmi tí mo ní kó fi ife sílẹ̀, mo dán àga Olùkọ́ wò lálẹ́ àná. N kò sọ pé mo yí èrò mi padà o. Mo kàn ń sọ pé mo ya mẹ́rin.

Bébà_Òfìfo

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo ya 34. Òtítọ́ ni Ọ̀gá_Gíráàfù sọ nípa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo bú ẹni tí n kò yẹ kí n bú. Ìkejìlélógún ni mo mú lọ: ìwé mẹ́ta tó dúró lórí pẹpẹ, ọ̀kan fara ti èkejì, àyè òfìfo tó wà láàárín wọn sì jọ ìlẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀. N kò ro ìlẹ̀kùn náà tẹ́lẹ̀. Ìwé ni mò ń yà, ojú mi ló lọ sáàárín, mo sì rò pé àga yẹn ló fà á. Olùkọ́ wa wò ó títí, ó ní, "Padà lọ ya 30 mìíràn lórí ìlẹ̀kùn yẹn nìkan." N kò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sunkún.

Mo tún gbé fọ́tò ife tuntun síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ báyìí.

Ìlà_Tààrà

Ìdí rẹ̀ dáa. Ìdìmú rẹ̀ ńkọ́? Ó dà bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ìyá_Alápótí

Ìlà_Tààrà, jẹ́ kó kọ́kọ́ sinmi! Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ, àbúrò. Fojú inú rí i pé wọ́n fi ọ̀bẹ la ife náà sí méjì gba àárín, láti ẹnu dé ìdí. Ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ni ìdìmú dúró lé. Fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín ẹnu kọjá títí yóò fi jáde síta ní apá ibi tí o fẹ́ kí ìdìmú wà. Láti ibi tí ìlà náà ti gé etí ẹnu, fa òmíràn wá sísàlẹ̀ lára ife. Orí ìlà kejì yẹn ni ìdìmú ti máa so, lókè àti nísàlẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ lá sì sọ ibi tó máa kọjú sí.

Bébà_Òfìfo

Ẹ dúró, mò ń gbé ife náà padà sórí tábìlì.